Ọjà Àpòmù nínú Ìwé Ìtàn Johnson

Bí olùkọ́ kan bá dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, tí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè pé, "Àwọn ta ni ó ṣe ìtàn ilẹ̀ Yorùbá?" ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ní ju oríṣi méjì lọ. Àwọn kan yóò ka orúkọ ọba fún un, láti orí Odùduwà àti Ọ̀rányàn títí dé orí Abíọ́dún. Àwọn mìíràn yóò ka orúkọ jagunjagun: Àfọ̀njá, Kúrunmí, Ògúnmọ́lá, Látòóṣà, Ògèdèǹgbé. Kò sí ọmọ tí yóò nàwọ́ sókè kí ó wí pé, "Tíṣà, àwọn tí ó ń ta ataare ní ọjà Àpòmù ni." Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì wà, ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi rín. Síbẹ̀ ọmọ náà kò ṣìwí. Inú ìwé tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ju ìwé ìtàn mìíràn lọ ni ó ti rí i.

Ìwé náà ni èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ìtàn àwọn Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Kò sí olùkọ́ kan nínú wa tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nítorí náà, èrò mi kì í ṣe láti bu ẹni tí ó gbin igi tí a ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀ kù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìwé náà ní ojú méjì. Bí a bá kà á bí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti fẹ́ kí a kà á, ìwé ọba àti ogun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un kà, tí a sì ń fi ìka tẹ̀lé ibi gbogbo tí ó gbé dárúkọ ọjà, ọ̀nà, iyọ̀, ẹ̀tù àti gbèsè, a ó rí i pé ìwé òwò ni pẹ̀lú. A ó sì rí i pé ohun tí Johnson rò fún wa jinlẹ̀ ju ìdí tí ó fún un lọ. Àwọn àgbà wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èje ni Johnson kà sí wa létí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí ó kọ ìwé náà. A bí Johnson ní 1846 ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Bàbá rẹ̀ Henry jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó wọn lọ tẹ̀dó sí Sàró. Láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá. Johnson ṣì wà ní kékeré nígbà tí ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà wá sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti dàgbà, ibẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe é, kí ó tó di àlùfáà, kí ó sì lọ gbé Ọ̀yọ́. Ẹ kíyèsí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ayé òǹkọ̀wé wa gan-an, ọwọ́ òwò ni ó ti wá. Bí kò bá sí ẹni tí ń ra ènìyàn létí òkun, bàbá rẹ̀ kì bá ti dé Sàró.

Bí ìwé náà ti rin ìrìn-àjò tirẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ ọ́ nù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 ni a fi èyí náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ oníṣòwò tí à ń pè ní Appam. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì dà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ju ọdún méjì lọ kí ẹrù náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, ogun sì ti sọ bébà di ohun ọ̀wọ́n. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1921, Obadiah pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Bí ojú ọ̀nà òwò bá dí, ìtàn pàápàá kò lè rékọjá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọjà Àpòmù. Ìlú náà wà títí di òní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ìgbà tí Johnson ń sọ, abẹ́ Ifẹ̀ ni ó wà, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn ará òkè, láti Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, máa ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú tí ń gbé ọjà wá láti ìhà òkun. Bí a bá ka ìwé náà láti ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọjà yìí yóò yọ sí wa ní ibi tí ìlẹ̀kùn ìtàn gbé yí padà.

Ẹ̀ẹ̀kínní ni ti Aláàfin Aólẹ̀, ẹni tí ó jọba lẹ́yìn Abíọ́dún ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Kì í ṣe ohun àjèjì nígbà náà kí ọmọ ọba máa ṣòwò. Johnson sọ fún wa pé Abíọ́dún fúnra rẹ̀ ti fi ìgbà kan rí ṣe òwò káún kí ó tó gun orí ìtẹ́. Ọjà Àpòmù ni Aólẹ̀ ń ná ní tirẹ̀. Ní àkókò náà, jíjí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní Àpòmù láti tà wọ́n sí ìhà òkun ti wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣẹ ti Ọ̀yọ́ wá pé kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ máa ṣọ́ ọjà náà dáradára. Aólẹ̀ tí í ṣe ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ni ó wá ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, sí oko ẹrú. Báálẹ̀ Àpòmù kò wo ojú ọmọ ọba. Ó ní kí a nà án gidigidi.

Aólẹ̀ di ọba. Àṣà ni pé kí a bi ọba titun léèrè ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí a ó kọ́kọ́ gbógun lọ. Ọba dárúkọ Àpòmù. Báálẹ̀ náà sá lọ sí ọ̀dọ̀ Ọọ̀ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rò ó pé òun ni yóò mú ìparun bá ìlú, ó pa ara rẹ̀, ó sì ní kí a gbé orí òun lọ fún Aláàfin. Ó fi orí ara rẹ̀ san gbèsè tí kò jẹ. Láti ìgbà náà ni nǹkan kò ti gún régé fún Aólẹ̀ mọ́. Àwọn jagunjagun kọ̀ ọ́, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Kí ó tó kú ni ó ta ọfà mẹ́ta sí ìhà mẹ́ta, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ gégùn-ún.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ogun Òwu, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní bí ọdún 1820 tàbí kí ó tó tó bẹ́ẹ̀. Jíjí ènìyàn gbé ní Àpòmù ti tún peléke. Àwọn olórí láti ìhà Ọ̀yọ́ bẹ àwọn Òwu pé kí wọ́n bá wọn dá a dúró. Àwọn Òwu sì fi agbára kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ mélòó kan nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ataare dé. Ní ọjà Àpòmù, ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà kò gbọ́ ara wọn yé lórí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀kan jẹ́ Ìjẹ̀bú, èkejì jẹ́ ará Òwu. Àríyànjiyàn di ìjà, ìjà di ogun. Òwu pa àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ba Àpòmù jẹ́. Àwọn Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n sì gbé ìbọn dání, nítorí àwọn ni ó sún mọ́ òkun tí ìbọn ń gbà wọlé. Idà gígùn ni àwọn Òwu fi ń pàdé wọn. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a dó tì í, ìlú Òwu fọ́, a sì ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó jáde láti inú ọ̀rọ̀ ataare yìí. Àwọn ọmọ ogun tí ó fọ́ Òwu kò túká lọ sí ilé wọn. Wọ́n yíjú sí àwọn ìletò Ẹ̀gbá, wọ́n sì pa wọ́n run lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó ṣẹ́kù kó lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó. Bí a bá mú Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kúrò nínú ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kí ni yóò kù? Ní àkókò kan náà, ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Ọ̀ṣoògùn. Ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà lára ẹrú. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àjàyí náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ó fi Bíbélì Yorùbá sílẹ̀ fún wa.

Nísinsin yìí a dé ibi tí mo gbé ní ẹjọ́ pẹ̀lú òǹkọ̀wé wa. Nígbà tí Johnson fẹ́ sọ ìdí tí Ọ̀yọ́ fi tú ká, kí ni ó wí? Ó tọ́ka sí ìwà ìkà Baṣọ̀run Gáà, sí ojúkòkòrò àwọn ìjòyè, sí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ sí ègún Aólẹ̀. Lójú rẹ̀, Ọlọ́run ń bẹ ilẹ̀ náà wò nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olórí rẹ̀. Èmi kò bá a jiyàn pé ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni? Ẹ tún ìtàn Aólẹ̀ kà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ó tó lè tà á, ó ní láti jẹ́ pé ẹni tí yóò rà á ti wà ní ọjà, tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀nà ti là dé etíkun, tí ọkọ̀ sì ti dúró níbẹ̀ tí ń retí. Ègún ni ó dún, gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ ọ. Ìṣirò owó kò dún, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Àìṣedéédéé tí mo rí nínú ìwé yìí nìyẹn. Ojú Johnson ríran ju ọkàn rẹ̀ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, kò gbàgbé ohunkóhun: ó kọ ataare, ó kọ ọjà, ó kọ àṣẹ tí a pa nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí adájọ́, kò pe àwọn ẹlẹ́rìí yìí wọlé. Ó jẹ́ kí wọ́n dúró sí ìta, ó sì dá ẹjọ́ náà láàárín àwọn ọba nìkan.

Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, à bá wí pé ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ogun tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere sí i. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti 1877 títí dé 1893, èyí tí àwa ń pè ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn rẹ̀. Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Iyọ̀ tí wọn yóò jẹ àti ẹ̀tù tí wọn yóò yìn ní láti gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Àwọn tí ó ni ọ̀nà sì mọ̀ pé ọ̀nà ni oko àwọn, òun ni wọ́n ń kórè. Nígbà tí Ààrẹ Látòóṣà rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, àwọn Ẹ̀gbá kọlù wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ogun ti là. Nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde láti gba ara wọn lọ́wọ́ Ìbàdàn, àwọn ènìyàn wọn tí ń ṣòwò ní Èkó ni ó bá wọn wá àwọn ìbọn titun tí ń yára yìn ju ìbọn àtijọ́ lọ. Nítorí náà Kírìjì kì í ṣe ìjà akọni pẹ̀lú akọni nìkan. Ìjà ojú ọ̀nà kan pẹ̀lú ojú ọ̀nà mìíràn ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú fi èyí hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Awùjalẹ̀ Fidípọ̀tẹ̀ fẹ́ kí ọ̀nà Ìbàdàn wà ní títì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú tí ń jẹ nínú òwò ọ̀nà náà kò rí ohun tí àwọn yóò jẹ mọ́. Ní 1883 wọ́n lé ọba jáde. Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ, kò sì padà sórí ìtẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí ó sì di 1892, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó gbógun ti Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan náà yìí, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí i kò padà lọ sí ilé rẹ̀ mọ́. Èyí yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. A máa ń wí fún wọn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá fi òpin sí ogun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Epo pupa àti ẹ̀yìn tí kò rí ọ̀nà dé etíkun wà nínú ìdí tí wọ́n fi wá.

Johnson kò jókòó sílé nígbà gbogbo èyí. Òun ni ó gbé ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ fún Gómìnà Èkó láti tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ní 1886 òun ni ó lọ sí ibùdó Ìbàdàn láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, nígbà tí Àlùfáà Charles Phillips lọ sí ti àwọn Èkìtì. Ó rin àwọn ọ̀nà náà. Ó mọ ibi tí oníbodè wà. Nítorí náà ni àwọn ojú ewé yìí fi dára jù lọ nínú ìwé rẹ̀: a ń rí ìlú tí iyọ̀ wọ́n sí, a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aṣojú. Síbẹ̀ níbí pẹ̀lú, ìbínú Látòóṣà àti agídí àwọn ọba ni ó fi ń parí ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan sí i, èyí tí ó dùn mí jù. Òun ni ti Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn. Johnson sọ fún wa pé ọlọ́rọ̀ ńlá ni, pé ó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ẹrú ní oko rẹ̀ nìkan, láì ka ti ilé, àti pé ó ní àwọn jagunjagun tirẹ̀. Ní 1874 Ààrẹ Látòóṣà fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ojú ogun, pé kò jáde fúnra rẹ̀ wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. A yọ ọ́ lóyè. Lẹ́yìn náà, ní ọdún kan náà, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì tí a ti fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀ pa á lórí ibùsùn rẹ̀.

Ẹ gbé àwọn ẹ̀sùn yìí sórí òṣùwọ̀n. Èkínní àti ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Èkejì ni ó ní ìwọ̀n: kò fi nǹkan ránṣẹ́. Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí ń fi àwìn jagun. Balógun tí yóò lọ sí ogun a máa gba ẹ̀tù àti ìbọn lọ́wọ́ olówò, ní ìrètí pé ẹrú tí òun yóò kó bọ̀ ni òun yóò fi san án. Ẹni tí ó bá fún un ní àwìn ni ó ń di ogun mú lọ́rùn. Bí Ìyálóde bá ní òun kò fún ni ní àwìn mọ́, ó ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó tóbi ju ọ̀rọ̀ Balógun lọ nínú ìgbìmọ̀. Johnson kò wí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kú nígbà ìbímọ, àti bí ìbànújẹ́ náà ti sọ ọ́ di òǹrorò sí àwọn ẹrúbìnrin tí ó lóyún. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1970, tẹ̀lé ọ̀nà yìí kan náà. Ìkà náà sì ni àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ mọ́ ọn títí di òní. Èmi kò wí pé kì í ṣe ìkà. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ẹrú kò lè mọ́ lọ́wọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ta ni nínú àwọn tí ó dá a lẹ́jọ́ ni kò ní ẹrú? Àwọn ọkùnrin tí ó kó ènìyàn lẹ́rú ń jẹ́ akọni nínú ìwé wa. Obìnrin tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ń jẹ́ ìkà. Òwò kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ṣe.

Ibo wá ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀? Mo rò pé inú bí a ti pín ìwé náà ni. Apá méjì ni ó ní. Nínú apá kìn-ín-ní, Johnson ṣe àlàyé èdè, ìsìn, oyè àti àṣà. Níbẹ̀ ni ó gbé sọ̀rọ̀ èsúsú, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń kó o ní àkókòjú olúkúlùkù. Níbẹ̀ ni ó gbé ṣe àlàyé ìwọ̀fà, bí ènìyàn ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ dípò èlé owó tí ó yá, tí ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ológò wà, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè ní ilé rẹ̀, tí yóò máa yọ ilé lẹ́nu títí a ó fi san owó. Àwọn ojú ewé yìí dùn, wọ́n sì péye. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣí apá kejì, níbi tí àwọn ọba ti ń jẹ tí ogun sì ń jà, èsúsú ti dákẹ́, ìwọ̀fà ti parẹ́, ológò kò sí mọ́. Ó dàbí ẹni pé ní Ìbàdàn ti 1874 kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Apá kìn-ín-ní àti apá kejì ń gbé inú ilé kan, wọn kò sì kí ara wọn. Bí Johnson bá ti jẹ́ kí ológò rin láti apá kìn-ín-ní lọ sí apá kejì, kí ó sì lọ jókòó ní ilé àwọn olóyè ogun, a kì bá ti máa béèrè ìdí tí ogun kò fi lè tán.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò wí: "Ǹjẹ́ o fẹ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ pé owó ni ó ń ṣe ohun gbogbo?" Rárá o. Bí a bá wí bẹ́ẹ̀, a ti ṣubú sí ìhà kejì ojú ọ̀nà. Ẹ rántí Báálẹ̀ Àpòmù. Òun ni olórí ìlú ọjà. Inú òwò ni ìlú rẹ̀ ti ń jẹun. Ó rọrùn fún un láti di ojú rẹ̀ nígbà tí ọmọ ọba ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò dí i. Nígbà tí ẹ̀san sì dé, kò fi ìlú rẹ̀ ra ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi ra ìlú. Ọkùnrin kan wà ní ọjà náà, nígbà náà, tí kò ta ohun tí kò yẹ kí a tà. Òwò ni ó la ọ̀nà tí Aólẹ̀ àti Báálẹ̀ jọ dúró lé lórí. Ohun tí olúkúlùkù ṣe níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ti wá. Nítorí náà ni mo fi wí pé mímọ òwò kò gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jẹ́ kí a mọ iye ènìyàn tí ẹ̀bi náà kàn, láti ààfin dé etí òkun, àti dé ìlú àwọn tí ọkọ̀ wọn ń dúró níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé òwò ṣe rere pẹ̀lú. Àwọn tí ń rin ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ dé Àpòmù, àti láti Ìjẹ̀bú dé ibẹ̀, ní láti gbọ́ èdè ara wọn. Èsúsú tí Johnson kọ sílẹ̀ ṣì ń san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jókòó níwájú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, ìsọ̀ ìyá wa ni ó rán wa lọ sí ilé ìwé. Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn tí kò sí ọjà nínú rẹ̀, a ń kọ́ ọ pé ìyá rẹ̀ kò sí nínú ìtàn.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Kí ó má ṣe jù ìwé Johnson nù. Kò sí ẹni tí ó tíì kọ irú rẹ̀. Kí ó kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ó sì ya àwòrán ilẹ̀ sí ara pátákó. Kí ó fi àmì sí Ọ̀yọ́ Ilé, Àpòmù, Òwu, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú Òde, Èkó àti Àjàṣẹ́. Kí ó wá fa ọ̀nà láti ìkan dé ìkejì. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá kàn ogun kan nínú ìwé, kí ó bi wọ́n léèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ọjà wo ni ó wà nítòsí? Ta ni ó ni ojú ọ̀nà? Ta ni ó jẹ ta ní gbèsè? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, nítorí Johnson jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kò fi ohun tí ó gbọ́ pamọ́ bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ ìtàn. Johnson gba ẹnu ọ̀nà ààfin wọlé, ó sì bá wa mú ohun iyebíye jáde. Ẹnu ọ̀nà ọjà ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ọmọ kan bá sì nàwọ́ sókè ní kíláàsì yín lọ́la pé àwọn tí ó ń ta ataare ní Àpòmù ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹ ní kí ó dìde dúró, kí ó sì bá wa ròyìn.